ÒKÚTA ÌTÁLÌ KÒ SÀN JU TIWA LỌ
Sí gbogbo ẹni tó ń kọ́lé ní Ọjà Igbó, ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin onílé, ẹ̀yin bíríkìlà, ẹ gbọ́ o! Àwọn kan ní ilé tí a kò bá fi òkúta Ìtálì tẹ́, ilé yẹpẹrẹ ni. Wọ́n ní òkúta ilẹ̀ wa kò wúlò ju kí a fọ́ ọ sínú kọnkéré lọ. Irọ́ ni, owó yín sì ni irọ́ náà ń jẹ.

Kí ni mábù? Òkúta ẹfun tí ooru àti ìwúwo ilẹ̀ sọ di líle ni. Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ ní Carrara ní Ìtálì, níbi tí òkúta tí oníṣẹ́-ọnà Michelangelo fi gbẹ́ ère Dáfídì láàárín 1501 sí 1504 ti wá, bẹ́ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ ní Ìgbẹ́tì, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí. Mábù funfun wà níbẹ̀, à ń lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun, à ń fọ́ ọ wẹ́wẹ́ fún tẹ̀rásò.

Wọ́n tún ní ti Ìtálì ló ń tọ́jọ́. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí mábù, ibi yòówù kó ti wá: dídán rẹ̀ á ṣí. Nínú òṣùwọ̀n líle òkúta, láti 1 dé 10, bíi 3 ni mábù. Kúọ́tìsì, èròjà kan nínú òkúta gránáìtì, jẹ́ 7, omi ọsàn kò sì rí i gbé ṣe. Gránáìtì ni Ọ̀pá Ọ̀rányàn ní Ifẹ̀, tí òjò àti oòrùn ti ń pa láti ayébáyé. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní agbègbè wa.

Orúkọ pàápàá ń tan yín jẹ. Àwọn ilé iṣẹ́ Ìtálì ń ra gránáìtì láti Bràsíìlì àti Íńdíà, wọ́n ń là á, wọ́n ń dán an, wọ́n sì ń tà á fáyé.

Ẹnìkan á ní, “Tiwa kì í dán, ó sì máa ń sán.” Dáínámáìtì tí a fi ń fọ́ ọ ló fà á! Ní Carrara, wáyà tí wọ́n fi dáyámọ́ńdì sí lára ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ jáde ní odindi. Ẹ má di ẹ̀ṣẹ̀ ọwọ́ ru òkúta.

Nítorí náà, ẹ̀yin onílé, ẹ béèrè òkúta ilẹ̀ wa tí a rẹ́, kì í ṣe èyí tí a fọ́. Ẹ̀yin olówó, ẹ ra ẹ̀rọ ìrẹ́kúta. Ìjọba, ẹ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ náà. Níbi tí owó wa bá ń lọ, ibẹ̀ ni iṣẹ́ yóò wà fún àwọn ọmọ wa.