Ẹ Má Fi Ẹja Ṣe Òdòdó Orí Tábìlì

Ní ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ wa pín ẹ̀bùn lọ́dún tó kọjá, wọ́n pè mí síwájú pé èmi ni mo gba ipò kìíní nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní kíláàsì wa. Wọn kò fún mi ní ìwé, wọn kò sì fún mi ní àpò ìkówèé. Abọ́ dígí róbótó kan ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ aró wà nísàlẹ̀ rẹ̀, òdòdó oníke kan dúró láàárín, ẹja pupa kan tí ìrù rẹ̀ fẹ̀ bí apá agbádá sì ń yí po nínú rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Màmá mi ya fọ́tò. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, ẹja náà kú.

Mo gbọ́ pé irú abọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tún fẹ́ pín lọ́dún yìí. Kì í sì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ nìkan. Mo ti rí i lórí tábìlì ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Mo ti rí i níbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí ọmọ ọdún márùn-ún, tí wọ́n tò wọ́n jọ bí ẹni to ìpápánu fún àlejò. Mo tako àṣà yìí pátápátá. N kò tako sísin ẹja o. Mo ń sin ọ̀kan báyìí, orí tábìlì ìkàwé mi ló wà, kò sì sí àlejò tó wọ yàrá mi tí kì í kọ́kọ́ dúró wò ó. Ohun tí mo tako ni pé a ń wọn tábìlì, a kò wọn ẹja. A ó wo àyè tó ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, a ó ra abọ́ tó bá ibẹ̀ mu, a ó wá ju ẹ̀dá ẹlẹ́mìí sínú rẹ̀ bí ohun ọ̀ṣọ́.

Bẹ́tà ni wọ́n ń pe ẹja yìí. Tàílándì ni orírun rẹ̀, níbi tí wọ́n ń pè é ní pla kat, ìyẹn ẹja tí ń gé ni jẹ. Charles Tate Regan, onímọ̀ nípa ẹja ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ ọ́ ní Betta splendens ní ọdún 1910. Ó pẹ́ tí àwọn ará Tàílándì ti ń sìn ín fún ìjà, nítorí akọ méjì kì í gbé inú omi kékeré kan kí wọ́n má ya ara wọn. Ní ọdún 2019, ìjọba wọn kéde rẹ̀ pé òun ni ẹ̀dá inú omi tó dúró fún orílẹ̀-èdè náà. Ẹja tí wọ́n dá lọ́lá tó bẹ́ẹ̀ ni àwa ń pín fún ọmọ nígbà tí owó dikíṣọ́nárì kò bá tó.

Nígbà tí tèmi kú, mo gbé abọ́ náà tọ olùkọ́ wa lọ. Wọn kò bínú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bí a gún iyán nínú ewé, bí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Ẹja tó bá máa pẹ́ láyé, á pẹ́. Àkókò tirẹ̀ ló tó." Mo bọ̀wọ̀ fún olùkọ́ mi, wọ́n mọ òwe lò. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n se ọbẹ̀ fún nínú èèpo ẹ̀pà, tí kò yó, lè dìde lọ wá oúnjẹ síbòmíràn. Ẹja inú dígí kò ní ibòmíràn. Bẹ́tà tí a bá tọ́jú dáadáa máa ń lo ọdún méjì sí mẹ́ta, àwọn mìíràn a tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún kì í ṣe àkókò.

Àwọn tó mọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí ní àwíjàre tó lágbára ju òwe lọ. Wọ́n á ní inú oko ìrẹsì àti àbàtà ni bẹ́tà ń gbé ní ilẹ̀ rẹ̀, nínú omi tí kò jìn, àti pé ó lè mí afẹ́fẹ́ òkè. Òtítọ́ ni. Ẹ̀yà ara kan wà ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ tó fi ń lo afẹ́fẹ́ tó bá gbé mì lójú omi. Bí a bá dí ojú omi mọ́ ọn, ó lè kú bí omi náà tilẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n oko ìrẹsì tí omi rẹ̀ kò jìn náà fẹ̀ lọ salalu. Omi ibẹ̀ kò jìn ni, kì í ṣe pé kò pọ̀.

Bàbá mi ló là mí lójú níbi yìí. Ẹja àrọ̀ ni wọ́n ń sìn lẹ́yìnkùlé wa ní Ìkòròdú, àrọ̀ náà sì ń yọjú gbé afẹ́fẹ́ mì bíi bẹ́tà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i lọ́jà nínú ọpọ́n tí omi rẹ̀ kò tilẹ̀ bo ẹ̀yìn rẹ̀ tán, tó ṣì ń jà pìtìpìtì. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò kó gbogbo ẹja wọn sínú ọpọ́n bí ìyá ẹlẹ́ja, kí wàhálà omi lè dínkù. Wọ́n wò mí títí. "Àdùkẹ́, ẹja inú ọpọ́n, ìkòkò ọbẹ̀ ló ń lọ. Èyí tí mo bá fẹ́ kó dàgbà, mo gbọ́dọ̀ fún un lómi. Pé kò tíì kú kò túmọ̀ sí pé ara rẹ̀ le."

Ohun tó pa ẹja mi kò ṣeé fojú rí. Bí ẹja bá ń mí, tó ń yàgbẹ́, tí oúnjẹ tó ṣẹ́kù sì ń jẹrà, amóníà ló ń dà sínú omi, májèlé sì ni fún un. Nínú omi tó ti gbó, àwọn bakitéríà kan ti fìdí kalẹ̀ sára òkúta, sára dígí, pàápàá jù lọ sínú fóòmù asẹ́ omi. Wọ́n ń sọ amóníà di náítíráìtì, tí òun náà jẹ́ májèlé. Àwọn mìíràn á wá sọ náítíráìtì di náítíréètì, tí ewu rẹ̀ kéré púpọ̀, tí ewéko lè lò, tí a sì lè bù dànù bí a bá ń pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí tó pé lẹ́nu iṣẹ́, ó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà.

Abọ́ ẹ̀bùn mi kò ní asẹ́, kò sì ní òṣìṣẹ́ kankan. Mo fi pure water wọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà: ọ̀rá mẹ́ta ló kún un, ìyẹn lítà kan àbọ̀. Ní gbogbo Sátidé ni mo ń da omi rẹ̀ nù tán pátápátá, gẹ́gẹ́ bí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ti wí. Ọṣẹ tí mo fi ń fọ òkúta rẹ̀ kó lè máa dán, ọgbọ́n orí mi nìyẹn. Èmi gan-an ni mo pa ẹja yẹn, n kò lè purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ẹ̀dá ẹlẹ́mìí nínú lítà kan àbọ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá náà ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣìnà ni pé wọ́n rò pé bí abọ́ bá kéré, iṣẹ́ rẹ̀ á kéré. Òdìkejì rẹ̀ ló rí. Bí hóró oúnjẹ méjì bá jẹrà nínú omi tó kún bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà ńlá, ìyẹn lítà 20, omi náà lè gbà á mọ́ra. Kó jẹrà nínú omi pure water mẹ́ta, ọ̀ràn dé nìyẹn. Omi púpọ̀ kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí gan-an ló yẹ kó ra èyí tó tóbi.

Ẹnìkan á ní àpótí ńlá kò ní jọjú lórí tábìlì. Irọ́ ni. Tèmi gùn ní sẹ̀ǹtímítà 40, ó fẹ̀ ní 25, ó ga ní 25. Mo bu omi dé sẹ̀ǹtímítà 20, ó jẹ́ lítà 20. Àyè kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ló gbà. N kò rà á ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń ṣe fèrèsé àlùmínọ́ọ̀mù ládùúgbò wa ló gé dígí márùn-ún fún mi láti ara àjẹkù iṣẹ́ rẹ̀, tó fi gọ́ọ̀mù sílíkónì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ẹ kíyè sí gọ́ọ̀mù náà: èyí tí wọ́n po oògùn mọ́ kí ó má baà bu nínú ilé ìwẹ̀ lè pa ẹja. A jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, mo pọn omi kún un níta fún ọjọ́ méjì bóyá yóò jò, kò jò.

Ewéko inú rẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Anubias barteri, tí àwọn tó ń to irú àpótí yìí ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fẹ́ràn gan-an, ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ni orírun rẹ̀. Ó ń hù létí odò nínú igbó Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Orúkọ Charles Barter ni wọ́n fi sọ ọ́, onímọ̀ ewéko tó bá wọn rìnrìn àjò odò Ọya, tó sì kú sẹ́nu ìrìn àjò náà ní ọdún 1859. Nígbà tí mo kà á, ẹ̀rín pa mí: ike la fi ń dípò ewéko odò tiwa! Anubias kò nílò ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. A kì í gbin igi rẹ̀ sínú iyanrìn, nítorí yóò jẹrà. Òwú ni mo fi so ó mọ́ òkúta. Etí òdòdó oníke lè ya lẹ́bẹ́ bẹ́tà, ṣùgbọ́n orí ewé Anubias ni tèmi ń sùn sí, á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹni tó jẹ iyán yó.

Asẹ́ omi rẹ̀ jẹ́ fóòmù tí ẹ̀rọ afátẹ́gùn kékeré kan ń ti afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀, nítorí ẹja onílẹ́bẹ́ gígùn kò fẹ́ omi tó ń ru. Iná ọba ńkọ́? Ó ń lọ, bí ẹ ti mọ̀. Bẹ́tà lè fara dà á nítorí afẹ́fẹ́ òkè. Àwọn bakitéríà inú fóòmù ni kò fẹ́ kí iná pẹ́ jù kó tó dé, nítorí náà mo ra ẹ̀rọ tó ń lo bátìrì. Nínú yàrá mi, tẹmómítà sábà máa ń wà ní ìwọ̀n 27, ó sì wà láàárín 24 sí 28 tó bá bẹ́tà lára mu. Àárọ̀ ọyẹ́ nìkan ni mo ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ gbé tiyín sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ ra ẹ̀rọ amómigbóná fún un. Ẹ̀yin wọ kóòtù, ẹja kò ní kóòtù.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, n kò ra ẹja. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni omi náà fi dá wà. Mo ń ju ìwọ̀nba oúnjẹ ẹja sínú rẹ̀ kó lè jẹrà fún bakitéríà, àbúrò mi sì ń pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá wo ẹ̀gbọ́n òun tó ń fún omi lóúnjẹ. Ohun tí Bàbá fi ń yẹ omi àrọ̀ wọn wò ni mo fi yẹ tèmi wò: amóníà gòkè, ó wálẹ̀; náítíráìtì gòkè, ó wálẹ̀. Ọjọ́ tí méjèèjì di òdo ni mo tó lọ sọ́jà. Sùúrù ọ̀sẹ̀ márùn-ún yìí, ta ló lè dì í sínú abọ́ fún ọmọ lọ́jọ́ ẹ̀bùn?

Ẹ̀yin òbí á ní owó ńkọ́. Lóòótọ́, abọ́ kékeré kan kò wọ́n. Ṣùgbọ́n méjìlá ni wọ́n pín lọ́jọ́ náà, mo sì bi àwọn tá a jọ gbà á léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan: kí sáà kejì tó parí, kò sí ọ̀kan tó ṣẹ́kù nínú ẹja méjèèjìlá. Kí wọ́n kó owó abọ́ méjìlá yẹn jọ, kí wọ́n fi kan àpótí kan ṣoṣo sí yàrá sáyẹ́ǹsì, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó gba ipò kìíní sára rẹ̀, kí ó sì máa bọ́ ẹja náà fún sáà kan. Kí wọ́n fi omi rẹ̀ kọ́ wa ní ìyípo náítírójìn. A ya àwòrán ìyípo yìí ní kíláàsì lọ́dún tó kọjá. Mo gba máàkì mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ó wà lára ohun tó fún mi ní ipò kìíní. Ohun tí mo yà náà ló pa ẹja tí wọ́n fi yẹ́ mi sí, tí n kò sì mọ̀.

Mo ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní àwọn á rò ó wò. Abọ́ tí wọ́n fún mi ṣì wà lórí tábìlì mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Bíírò ni mo kó sínú rẹ̀. Ó gba mẹ́tàlélógún.