Òkun Kì í Hó Ruru Ká Wà Á Ruru: Ọ̀rọ̀ Lórí Afinimọ̀nà Tí Kò Láṣẹ Láti Dá Ọkọ̀ Padà

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, àwọn aláṣẹ ojú omi ní gúúsù orílẹ̀-èdè Pọtogí gbé òfin tuntun kalẹ̀ lórí ihò àpáta Benagil, ihò etí òkun tí òkìkí rẹ̀ ti kàn káàkiri ayé. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lúwẹ̀ẹ́ wọ inú rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sórí iyanrìn tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n sì ní ilé iṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ yá àlejò ní ọkọ̀ kayak kí ó máa dá wà á lọ síbẹ̀, àfi kí ó tẹ̀lé afinimọ̀nà. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún òfin yìí. Àwọn kan ń kùn pé wọ́n ti ta òkun fún oníṣòwò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ kí tọ̀tún tòsì jọ bèèrè. Bí òkun bá bínú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ṣé afinimọ̀nà tí òfin ní kí àlejò tó yá ọkọ̀ tẹ̀lé yìí láṣẹ láti sọ pé ìrìn kò sí lónìí? Bí ó bá sì sọ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò san owó iṣẹ́ ọjọ́ náà fún un?

Kayak ni ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ènìyàn kan tàbí méjì ń jókòó sí, tí wọ́n ń fi àjẹ̀ olórí méjì wà. Ó fúyẹ́, ó sì rọrùn láti kọ́, ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò tíì wa ọkọ̀ rí láyé rẹ̀ fi lè sanwó láàárọ̀, kí ó sì wà lójú òkun kí oòrùn tó mú. Agbègbè Algarve, níbi tí Benagil wà, kún fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ìlú kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Lagos, orúkọ kan náà tí àwọn Pọtogí fi pe Èkó. Ní ẹ̀bá ìlú náà ni Ponta da Piedade wà, níbi tí àpáta ti dá lu sí oríṣiríṣi ihò àti ọ̀nà tóóró, tí àwọn afinimọ̀nà ń kó àlejò gbà kọjá. Benagil ní tirẹ̀ ní ẹnu méjì tó kọjú sí òkun, òrùlé rẹ̀ sì lu, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ wọlé sórí iyanrìn. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Kò sí ẹni tí yóò rí ibẹ̀ tí kò ní dúpẹ́ pé òun rìn.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹwà náà kò ní ìdí méjì. Ohun tó dá ihò náà ni yóò wó o. Àpáta ẹfun ni àpáta Algarve, ìkarahun ẹ̀dá inú omi ayé àtijọ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀, ìgbì àti òjò sì ti ń jẹ ẹ́ bọ̀ láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè rántí. Ní ọjọ́ 21, oṣù kẹjọ, ọdún 2009, apá kan nínú àpáta etíkun Maria Luísa ní Albufeira, ní agbègbè Algarve yìí kan náà, wó lu àwọn tó ń gbafẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ènìyàn 5 ló kú. Ní ọjọ́ 8, oṣù kẹta, ọdún 2017, ìjì wó ẹnu-ọ̀nà àpáta ńlá tí wọ́n ń pè ní Azure Window ní erékùṣù Gozo ní Malta, ibi tí àlejò ti máa ń ya àwòrán fún ọdún gbọọrọ. Ó wó pátápátá, ó sì wọ inú òkun lọ. Àpáta kì í fi ìwé ránṣẹ́ kí ó tó wó.

Omi inú ihò náà ní ìwà tirẹ̀. Ìgbì tó dà bí ẹni pé kò tó nǹkan ní gbangba òkun máa ń ga sókè nígbà tó bá wọ ọ̀nà tóóró, nítorí pé kò ní ibòmíràn tí yóò gbà. Bí òrùlé ihò bá wà nílẹ̀, omi lè gbé ọkọ̀ sókè kí ó sì gbá orí ẹni tó wà nínú rẹ̀ mọ́ àpáta. Ìgbì kì í sì í dọ́gba. Òkun lè sinmi fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ìgbì ńláńlá mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó tẹ̀lé ara wọn dé, láti inú ìjì tó jà ní ibi tó jìnnà réré, tí ẹnikẹ́ni létíkun kò gbọ́ ìró rẹ̀. Òkun tó kún ní ọ̀sán lè dí ọ̀nà tí àlejò gbà wọlé láàárọ̀.

Ìdí nìyí tí afinimọ̀nà tó mọ iṣẹ́ fi máa ń dúró níta ihò kí ó tó wọlé. Ó ń wo ìgbì, ó ń kà á. Ó ń rí i dájú pé àṣíborí wà lórí gbogbo ènìyàn, pé ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì sì dè pinpin. Níbi tí ọ̀nà bá há, ó ń mú wọn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà mìíràn ó sì ń ní kí wọ́n fi ẹ̀yìn ọkọ̀ wọlé kí ojú wọn lè kọ sí òkun, kí ìgbì má baà bá wọn ní àìròtẹ́lẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òun ni àgbà ọjà náà. Ohun tó tóbi jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kí ó lè wo ojú àwọn tó ti sanwó, tí wọ́n ti múra, tí wọ́n ti ń yọ ẹ̀rọ ayàwòrán jáde, kí ó sì sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká padà."

Ibẹ̀ gan-an ni òfin tó kàn án nípá fún àlejò láti tẹ̀lé afinimọ̀nà ti kù díẹ̀ káàtó. Níbi tí wọ́n bá ti ń san owó afinimọ̀nà lórí iye ìrìn tó bá lọ, ọjọ́ tó bá dá ọkọ̀ padà ni ọjọ́ tí ebi yóò pa á. Níbi tí ilé iṣẹ́ bá ti ń bẹ̀rù pé àlejò tí inú ń bí yóò kọ ọ̀rọ̀ burúkú nípa òun sórí íntánẹ́ẹ̀tì, afinimọ̀nà tó bá ṣọ́ra jù yóò di ọ̀tá ọ̀gá rẹ̀. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ lè ní ìwé ẹ̀rí, ó lè mọ òkun bí ẹni mọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú ìdè. Òfin fi í ṣe olùṣọ́, ọjà fi í ṣe atukọ̀ lásán.

Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni èyí, kí ó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 22, oṣù kẹta, ọdún 1993, akẹ́kọ̀ọ́ 8 láti ìlú Plymouth, pẹ̀lú olùkọ́ wọn àti afinimọ̀nà 2, wọ ọkọ̀ kayak ní Lyme Regis láti lọ sí Charmouth. Ìrìn kúkúrú ni. Wọn kò lọ láìsí afinimọ̀nà; àwọn tó darí wọn ni ìmọ̀ wọn kò tó nǹkan. Afẹ́fẹ́ gbé wọn kúrò létíkun, ìgbì dojú ọkọ̀ wọn dé, ó sì pẹ́ púpọ̀ kí ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun. Ọmọ 4 ló kú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, ó hàn gbangba pé àwọn tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà láti kìlọ̀ pé ètò ààbò rẹ̀ kò dára. Ó gbọ́, kò gbà. Ní ọdún 1994, ilé ẹjọ́ dá òun àti ilé iṣẹ́ náà lẹ́bi ikú àwọn ọmọ náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn nínú ìtàn òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ilé ẹjọ́ dá ilé iṣẹ́ lẹ́bi irú ẹ̀sùn ìpànìyàn bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1995, wọ́n ṣe òfin tó mú kí ẹni tó bá ń kó ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lọ sí irú eré bẹ́ẹ̀ gba ìwé àṣẹ.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò fara sin. Àwọn òṣìṣẹ́ ti rí ewu náà kí ó tó dé, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò ká ọ̀gá. Wọ́n lè kọ̀wé, wọ́n lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè dá ọkọ̀ dúró. Afinimọ̀nà tí kò láṣẹ láti kọ̀ wulẹ̀ ń bá àlejò rìn lọ sínú ewu ni.

Àwọn tó ń bínú sí òfin Benagil ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Wọ́n ní òkun kò ní olówó, àti pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Kí olúkúlùkù fi ojú ara rẹ̀ wo ewu ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fẹ́ oyin mọ̀ pé àáké ni òun ń wò. Àlejò tó dé láná, tí kò mọ ìgbà tí òkun ń kún àti ìgbà tó ń fà, kò mọ ohun tó ń yàn. Bí ó bá sì kó sí wàhálà, òun nìkan kọ́ ni yóò wà nínú ewu, nítorí ẹlòmíràn ni yóò wọ omi lọ gbé e jáde. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, kayak àti ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ kò lè jọ máa gba ẹnu ihò kan náà kọjá kí ẹnikẹ́ni má farapa títí láé.

Ẹ̀dùn ọkàn kan wà tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ọmọ bíbí abúlé tó ti ń lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ihò yẹn láti kékeré, tó mọ gbogbo ìwà òkun ibẹ̀, ni òfin kan náà dè pẹ̀lú àjòjì. Bí ó bá fẹ́ wọ ibi tí àwọn baba rẹ̀ ń wọ̀, tí kò sì ní ọkọ̀ tirẹ̀, àfi kí ó sanwó fún oníṣòwò. Èyí kò dára. Ìjọba tó lè dín iye àlejò kù lè ya àkókò sọ́tọ̀ ní ìdájí fún àwọn ará àdúgbò láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ààbò àti ìfọ̀nàgbani kì í ṣe nǹkan kan náà.

Àwọn onílé iṣẹ́ náà yóò sọ pé, bí wọ́n bá ń san owó fún afinimọ̀nà lọ́jọ́ tí kò ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì ń dá owó àlejò padà, iṣẹ́ yóò wó. Òwò tó jẹ́ pé àfi kí ó mú ènìyàn wọ inú ihò lọ́jọ́ tí kò yẹ kí ó tó jèrè, òwò wo nìyẹn? Ọjọ́ tí òkun yóò hó wà lára kàlẹ́ńdà bí ọjọ́ ìsinmi ti wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà ti mọ̀ pé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ yóò dé. Kí ó fi í kún iye owó tó ń gbà. Bí àlejò bá ní láti fi díẹ̀ kún owó rẹ̀ kí afinimọ̀nà rẹ̀ lè sọ òótọ́ fún un, owó náà kò pọ̀ jù.

Nítorí náà, kí àwọn aláṣẹ Pọtogí, àti gbogbo ìjọba tó ní irú ihò bẹ́ẹ̀ létíkun wọn, má ṣe dúró síbi tí wọ́n dé. Kí òfin sọ pé owó ọjọ́ afinimọ̀nà kò gbọdọ̀ sinmi lórí iye ìrìn tó lọ. Kí aláṣẹ èbúté kọ gíga ìgbì tí kò gbọdọ̀ sí ìrìn mọ́ sílẹ̀, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tó ń jèrè. Kí ọ̀rọ̀ afinimọ̀nà lẹ́nu ihò jẹ́ abẹ gé, kí ọ̀gá tó bá fi ìyà jẹ ẹ́ nítorí rẹ̀ sì pàdánù ìwé àṣẹ rẹ̀. Kí àlejò tí wọ́n dá padà gba owó rẹ̀ pé, láìsí àríyànjiyàn, kí ó má baà rí afinimọ̀nà bí olè tó jà á lólè.

Ìdá kan sì wà nínú rẹ̀ fún àlejò fúnra rẹ̀, títí kan àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù fò lọ sí Algarve fún ìsinmi. A kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò. Kí ẹni tó fẹ́ lọ tó sanwó, kí ó bèèrè: ta ni ń pinnu bóyá ìrìn yóò wà? Ṣé wọn yóò dá owó padà bí kò bá sí? Ṣé afinimọ̀nà yóò gba owó rẹ̀ lọ́jọ́ náà? Bí ẹni tó ń gba owó bá ń kólòlò lórí ìbéèrè mẹ́ta yìí, kí ó wá ibòmíràn lọ. Bí afinimọ̀nà bá sì dá a padà lẹ́nu ihò tó ti ń lálàá rẹ̀ láti ọdún kan, kí ó má kọ ọ̀rọ̀ burúkú nípa rẹ̀. Kí ó kọ ọ́ síbi tí gbogbo ayé yóò ti kà á pé ẹni yìí dá mi padà, àti pé ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ tẹ̀lé e.