Ajíhìnrere Ọlọ́jọ́ Díẹ̀ àti Àwọn Tí Ń Gbà Á Sílé

Ẹni tí ó bá ń gbé ní OPIC Estate, níhà Mọ́wé àti Ìbàfò, mọ̀ dájú pé ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti di ojúde àdúrà. Nítorí níbẹ̀ ni ìjọ Ìràpadà tẹ Redemption City dó sí, níbẹ̀ ni Prayer City ti ìjọ Mountain of Fire wà, níbẹ̀ náà sì ni ìjọ Deeper Life kọ́ ibùdó àpéjọ rẹ̀ sí. Níbi tí iná ìhìnrere bá ti ń jó báyìí, kò lè ṣàjèjì kí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ máa di ẹrù wọn nígbà ìsinmi, kí wọ́n gba ọ̀nà Ìdìròkò tàbí Sẹ̀mẹ̀ kọjá ibodè, kí wọ́n lọ fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì wàásù ní ilẹ̀ Benin àti Togo. Iṣẹ́ rere ni, n kò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ẹni tó lọ nìkan ni a máa ń yìn, bẹ́ẹ̀ ẹni tó gbà á lálejò ló ń ru èyí tó wúwo jù nínú iṣẹ́ náà. Ó sì tọ́ kí ẹni tó ń ru ẹrù jẹ́ ẹni tí yóò máa darí ìrìn.

Ẹ wo bí ọjọ́ kan ti ń lọ ní irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀. Kí àwọn àlejò tó jí fún àdúrà òwúrọ̀, ìyàwó pásítọ̀ tó gbà wọ́n sílé ti pọn omi kún ìkòkò, ó ti dáná, ó sì ti ń ronú ohun tí ẹnu mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yóò jẹ nínú ilé tí ó máa ń bọ́ ẹnu mẹ́fà. Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ti lọ kí baálẹ̀, kí ó lè gba àṣẹ pápá tí wọn yóò lò. Nígbà tí oòrùn bá mú, tí nọ́ọ̀sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn àgbà wò, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń kọ́ àwọn ọmọdé lórin lábẹ́ igi, ògbufọ̀ ni kò ríbi jókòó, nítorí gbogbo ohun tí oníwàásù bá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ni òun gbọ́dọ̀ fi Faransé tàbí Gùn tún sọ, òun kan náà ni aláìsàn yóò sì máa fà láṣọ pé kí ó bá òun ṣàlàyé oògùn. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn àlejò a sùn sí yàrá onílé, àwọn ọmọ onílé a sì lọ tẹ́ ẹní sínú ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà bọ́ọ̀sì a yí orí padà sí Mọ́wé, a ó ka iye ọkàn tí a jèrè níwájú ìjọ, àwòrán a sì kún fóònù. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbàgbọ́ nínú pápá yẹn, ta ni yóò máa bẹ̀ wọ́n wò? Aláìsàn tí oògùn ọjọ́ méje rẹ̀ ti tán, ilẹ̀kùn ta ni yóò kàn? Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé lójú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án.

Ìtàn ilẹ̀ wa jẹ́rìí sí i. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1843 ni míṣọ́nnárì Henry Townsend ti Sierra Leone wá sí Abẹ́òkúta, ìlú Lísàbí, abẹ́ Olúmọ, tí Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, sì fi tayọ̀tayọ̀ gbà á. Kò pẹ́ níbẹ̀ tó fi padà. Ìbẹ̀wò kúkúrú náà sèso, ṣùgbọ́n kí a má gbàgbé pé àwọn Sàró, ọmọ Ẹ̀gbá tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò-ẹrú, ti padà sílé ṣáájú rẹ̀, tí wọ́n ń gbàdúrà, tí wọ́n sì ń béèrè fún míṣọ́nnárì. Nígbà tí iṣẹ́ náà wá fìdí múlẹ̀ ní 1846, Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, wà níbẹ̀, ẹni tó gbọ́ èdè, tó sì jókòó ti iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì tí a kò parí títí di 1884. Bákan náà, Anna Hinderer àti David ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ míṣọ́nnárì ní Ìbàdàn, Mesìọ̀gọ̀ nílé Olúyọ̀lé, ní 1853. Ogun Ìjàyè ká wọn mọ́bẹ̀, ebi pa wọ́n, wọ́n ta ẹrù ilé jẹun, wọn kò sì kúrò pátápátá títí di 1869. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ìlú ń rántí.

Ẹ̀wẹ̀, ilẹ̀ tí à ń lọ kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Inú ilẹ̀ Benin ni Kétu, ilé Alákétu, àti Ṣábẹ̀ wà. Ọmọ Oòduà ni wọ́n, ohùn wọn kò sì jìnnà sí tiwa, nítorí náà ohun ìtìjú ni kí ọmọ Yorùbá dìde láti Ìbàfò lọ fi Gẹ̀ẹ́sì wàásù fún wọn. Ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ni Samuel Bilehou Oshoffa ti dá ìjọ Sẹ̀lẹ́ sílẹ̀ ní 1947, kí ìjọ náà tó wọ Mákókò ní Èkó, kí ó tó tàn ká Nàìjíríà. Yálà a gba ẹ̀kọ́ wọn tàbí a kò gbà á, ó hàn gbangba pé láti ìhà ọ̀hún náà ni àwọn ajíhìnrere ti ń wá bá wa. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tó bá rò pé òkùnkùn biribiri ni òun ń gbé fìtílà lọ bá yóò kọjá lára àwọn tí fìtílà tiwọn ti ń jó, kò ní kí wọn.

Àwọn kan yóò dáhùn pé irú ìrìn-àjò yìí ló ń ta àwọn ọ̀dọ́ jí, àti pé ọ̀pọ̀ ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe míṣọ́nnárì ló bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìbẹ̀wò ọlọ́jọ́ díẹ̀. Òtítọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń lọ kọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n sì mú owó oúnjẹ ara wọn dání, kí ilé olùkọ́ má baà wọ gbèsè. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún wa ní ààyè 90 ọjọ́ láìgba físà. Ó sàn kí ènìyàn méjì fi oṣù méjì jókòó ní Kétu ju kí ogún ènìyàn fi ọjọ́ márùn-ún sáré kọjá níbẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà ìjọ ní OPIC, Mọ́wé, Ìbàfò àti Ifọ̀, ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ibi tí ẹ bá lọ lọ́dún yìí, ẹ padà síbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ má ṣe ya àwòrán ọmọ ọlọ́mọ tó wà nínú ìnira láti fi gba ọrẹ. Ẹ pe àwọn pásítọ̀ tó gbà yín lálejò wá sí orí àga ìwàásù tiyín, kí ìjọ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Kí ẹ tó háyà bọ́ọ̀sì, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn iye ènìyàn tí wọ́n lè gbà àti iṣẹ́ tí wọ́n ń fẹ́. Bí wọ́n bá ní ẹni mẹ́ta, ẹ rán ẹni mẹ́ta.