Ẹ Jẹ́ Ká Máa Pe Owó Lórúkọ Rẹ̀

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà mi kan kó ánkárá ọ̀pá mẹ́fà wá sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Kó tó jókòó ló ti bi mí pé, "Àǹtí, èló lẹ máa ṣáàjì mi?" Fóònù rẹ̀ ti kú, ó ní kí ọmọṣẹ́ mi bá òun ṣáàjì ẹ̀. Ó ní níbi tí òun ti gbowó lọ́dọ̀ ọmọ POS, ọgọ́rùn-ún náírà ni wọ́n ṣáàjì òun lórí ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ibi tí a ti ń wọn ìbàdí rẹ̀ ló ti sọ fún mi pé ọlọ́pàá ti ṣáàjì ọmọ ẹ̀gbọ́n òun sí kóòtù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, iṣẹ́ mẹ́rin.

Mi ò bá ọ̀rọ̀ àyálò jà. Ṣọ́ọ̀bù, síìpù, búrẹ́dì, gbogbo wọn ni mo ń pè láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ohun tó ń ká mi lára ni pé ṣáàjì ti da oríṣiríṣi owó pọ̀ mọ́ra wọn, débi tí ẹni tó ń san án kò fi mọ èwo ló tọ́, èwo ni kò tọ́.

Láti inú èdè Faransé ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú ọ̀rọ̀ náà, Látìn ni Faransé sì ti gbà á. Ní ìpilẹ̀, kí a di ẹrù sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù ló túmọ̀ sí. Iná tí a rọ sínú bátìrì, ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan èèyàn, owó tí wọ́n bù lé e, ẹrù ni gbogbo wọn. Àwọn àgbà sì ní ẹlẹ́rù ní í gbé ibi tó wúwo. Ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú ẹrù, báwo ló ṣe fẹ́ mọ ibi tó wúwo?

Ní èdè tiwa, owó kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ tirẹ̀. Èyí tí mo ń gbà lórí aṣọ tí mo rán ni owó iṣẹ́. Èyí tí mo bá jẹ lórí òwú tí mo rà tí mo sì tún tà ni èrè. Èyí tí owó yíyá ń bí ni èlé. Ti ìjọba ni owó orí. Ẹni tó rú òfin ń san owó ìtanràn. Èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ ní kọ̀rọ̀ ni àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Tí o bá ti gbọ́ orúkọ, o ti mọ ohun tó kàn. A lè ná owó iṣẹ́, a lè ṣírò èlé, a lè bi ìjọba léèrè ohun tó fi owó orí ṣe, a sì gbọ́dọ̀ kọ àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Kí ni èèyàn fẹ́ ṣe sí ṣáàjì? Ó kàn máa san án ni.

Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí àdúgbò wa ń jẹ́ orúkọ wọn, àwọn ni Yorùbá mọ̀ sí òṣómàáló. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń gbé aṣọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń tà á láwìn, wọ́n á sì padà wá gba owó wọn díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò bá san, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí owó á fi jáde. Wọ́n le lóòótọ́. Síbẹ̀, ajigbèsè wọn mọ̀ pé owó aṣọ ni òun ń san, ó sì mọ ojú ẹni tí òun ń san án fún.

Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún kan, mo gba ìwé àkọsílẹ̀ owó mi ní báǹkì, mo sì ka ibi mọ́kànlá tí wọ́n kọ "charge" sí. Mo gbé e lọ bá wọn. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn ní, "Màámi, ṣáàjì ni." Mo ní, "Ṣáàjì kí ni?" Ó dákẹ́, ó yíjú sí kọ̀ǹpútà, àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọ́n sọ́tọ̀. Àádọ́ta náírà tí wọ́n máa ń yọ nígbà náà tí ₦10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wọlé fún mi, Òfin Ìṣúná 2020 ló gbé e kalẹ̀. Ìjọba ló ni ín, báǹkì kàn ń bá a gbà á ni. Púpọ̀ nínú àwọn yòókù jẹ́ owó àtẹ̀jíṣẹ́ àti owó káàdì. Ẹyọ kan ló ṣẹ́ kù, ₦1,075, tí kò rí orúkọ kankan pè é. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n dá a padà fún mi.

Mi ò bínú sí àwọn ọmọ POS wa. Inú oòrùn ni wọ́n ń jókòó sí, àwọn náà sì ń wá owó kiri kí wọ́n tó rí i fún wa. Owó iṣẹ́ ni ọgọ́rùn-ún náírà yẹn. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí ìjọba pààrọ̀ owó tí náírà sì di ọ̀wọ́n, mo san ₦2,000 kí n tó rí ₦10,000 gbà. Ìyẹn kì í ṣe owó iṣẹ́, ìrẹ́jẹ ni. Orúkọ kan náà ni wọ́n pe méjèèjì, ìdí nìyẹn tí ẹnu wa kò fi gbà á.

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó lọ́wọ́ wa, ì báà jẹ́ báǹkì, onílé, ilé ìwé tàbí àgọ́ ọlọ́pàá, kó kọ́kọ́ sọ orúkọ owó náà. Èmi ti bẹ̀rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù mi. Mo mú bébà, mo kọ ọ́ fún oníbàárà mi: owó iṣẹ́, ₦15,000, láínì, ₦4,000, síìpù, ₦500, epo jẹnẹrétọ̀, ₦1,000. Ó ná owó iṣẹ́ dáadáa, mo yọ ₦2,000 fún un. Kò ná láínì, nítorí ó mọ iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà.

Nígbà tó ń dìde, ó yọ fóònù rẹ̀ lára iná, ó béèrè pé, "Èyí ńkọ́?"

Mo ní, "Èènì ni."