Ìgbádùn Ta Ni?

Ẹ̀yin èèyàn mi tá a jọ wà nílùú ọba yìí, ọ̀rọ̀ yìí lè korò díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó bú mi.

Gbogbo ìgbà tá a bá ti ń fi ilé wé ibí, ohùn kan náà ni: "Ilé dáa jù jàre. Nílé, mi ò fọ abọ́, mi ò gbálẹ̀. Ẹni tó ń ṣí géètì wà, ẹni tó ń pọn ọmọ wà. Níbí, wọ́n ti sọ mí di ọmọ ọ̀dọ̀."

Ó dáa. Ta ló ń fọ abọ́ yẹn nílé? Ta ló ń ṣí géètì? Ìgbé ayé tiwọn ńkọ́, àbí kò sí nínú ìṣirò wa ni?

Lọ́dún 2024, ìjọba Nàìjíríà sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000. Mélòó nínú wa ló ń san tó bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí mẹ́gáàdì? Ẹlòmíì ò tiẹ̀ fi kọ́bọ̀ lé ọmọ náà lọ́wọ́. Àǹtí tó mú un wá láti abúlé ló ń gbowó. Òun ló ń sùn kẹ́yìn, òun náà ló ń kọ́kọ́ jí.

Níbí ńkọ́? Lóṣù kẹrin ọdún 2025, òfin sọ owó wákàtí kan di £12.21 fún ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21, ìbáà jẹ́ ilé ìyàgbẹ́ ló ń fọ̀. Ó ní ìsinmi tí wọ́n ń sanwó fún. Tára rẹ̀ ò bá yá, ilé ìwòsàn tí ọ̀gá rẹ̀ ń lọ lòun náà lè lọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: kì í ṣe iṣẹ́ ló ń dùn wá. Ohun tó ń dùn wá ni pé a ti bọ́ sípò ẹni tá a máa ń rán níṣẹ́.

Mi ò ní ibí lọ̀run o. Owó ilé ń gbé owó oṣù mì. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń san £776 lọ́dún fún ìlera kí vísà tó jáde. Lóṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n ní ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba vísà ìtọ́jú arúgbó kò gbọdọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ wá mọ́. Kó máa tọ́jú ìyá oníyàá, kó má fojú kan ọmọ tirẹ̀. Ìwà ìkà ni, a sì pariwo. Ṣùgbọ́n ọmọ kékeré tó ń sùn ní kíṣìnì wa nílé, òun náà ò rí ìyá rẹ̀. Ta ló pariwo fún un? Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà láti 2003. Ta ló kà á sí?

Ẹ máa ní, "À ń bọ́ ọ, à ń rán an nílé ìwé." Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, Ọlọ́run á san án fún wọn. Àmọ́ oore kọ́ là ń sọ, ẹ̀tọ́ ni. Bí a ti bí ẹrú la bí ọmọ.

Ọ̀pọ̀ wa ló ní ẹni tó ń tọ́jú màmá wa nílé báyìí. Iṣẹ́ kan náà tá à ń ṣe níbí ló ń ṣe: ó ń gbé màmá, ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń dúró tì wọ́n lóru. Ẹ pe ilé lónìí. Ẹ béèrè iye tó ń gbà. Ẹ béèrè ìgbà tó sinmi kẹ́yìn. Ẹ fowó kún un.

Lẹ́yìn náà, ká wá jókòó, ká fi ilé wé ibí.