Aṣọ fún Ajá Tí Ń Bẹ̀rù Báńgà

Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ṣùgbọ́n èyí tí ń já ẹ̀wọ̀n ọrùn rẹ̀ sá lọ lóṣù Kejìlá, ìró báńgà ló gbọ́ ní àgbọ́jù. Láti ọdún 2009 ni wọ́n ti ń ta ThunderShirt ní Amẹ́ríkà, aṣọ tí ń fún mọ́ ajá láyà àti níhà, bí ọ̀já ti ń fún ọmọ mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ó ń mú ọkàn àwọn ajá kan balẹ̀; lára àwọn mìíràn, kò ṣiṣẹ́ rárá. Kò burú kí a dán an wò nígbà ọyẹ́ ní Jọ́ọ̀sì; ṣùgbọ́n bí àrá bá ń sán nínú ooru Màídúgùrì, ewu ni. Èyí tó burú jù ni pàṣán. Ajá tó sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá nà án ti fi ẹ̀rù kún ẹ̀rù. Ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀, kí ẹ sì ti fèrèsé.