Ìlú Ṣáájú Ìgò: Lẹ́tà sí Àwọn Ọ̀dọ́ Ẹgbẹ́ Tó Ń Gbafẹ́ Lọ sí Abẹ́òkúta

Ìgbafẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ ti di àṣà láàárín àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ l'Ékòó. Wọ́n á dá owó fún oṣù mélòó kan, wọ́n á rán ankara kan náà, tó bá di ọjọ́ Ẹtì wọ́n á forí lé ìlú mìíràn, ó di ọjọ́ Àìkú kí wọ́n tó padà. Abẹ́òkúta wà lára ibi tí wọ́n ń lọ, torí kò jìnnà, ohun tí ojú ń wò sì pọ̀ níbẹ̀. Àṣà tó dáa ni. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ti ẹgbẹ́ tó máa ń ti inú mọ́tò wọ ilé ọtí, tó máa ń sùn títí oòrùn á fi kan àtàrí, tó máa ń ya fọ́tò kan lẹ́sẹ̀ àpáta Olúmọ, tó sì máa ń gba ọ̀nà ilé lọ. Ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì dé Abẹ́òkúta. Ìgò tí wọ́n lọ mu níbẹ̀ wà ládùúgbò wọn.

Rélùwéè ló yẹ kí ẹgbẹ́ wọ̀. Láti ọdún 2021 ni rélùwéè tuntun ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn, ìrìn kìlómítà 157. Ó ń gbéra ní Yábàá, ó sì ń dúró ní Láderin l'Abẹ́òkúta, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ, ẹni tí wọ́n bí nílùú náà lọ́dún 1934. Àǹfààní tó tóbi jù níbẹ̀ ni pé kò sí ọmọ ẹgbẹ́ tó máa jókòó sídìí ọkọ̀ lẹ́yìn tó ti mutí. Akápò ní láti ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ìgò, kó sì ya owó takisí sọ́tọ̀, torí Láderin kì í ṣe àárín ìlú.

Òwúrọ̀ kùtù ló dáa láti gun Olúmọ, kí oòrùn tó mú. Góńgó rẹ̀ fi mítà 137 ga ju ojú òkun lọ. Nínú ihò tó wà lábẹ́ àpáta náà, àwọn kòtò kéékèèké wà lójú òkúta, tí inú wọn dán bí inú àwo. Ibẹ̀ làwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti ń lọ nǹkan jíjẹ nígbà tí ogun lé wọn kúrò nílé, tí Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, sì kó wọn débẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1830. Ẹni tó bá fi àtẹ́lẹwọ́ kan inú ọ̀kan nínú wọn á mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ kan tàbí méjì ni òkúta fi ń jẹ bẹ́ẹ̀. Ìlú tó bẹ̀rẹ̀ láti inú ihò yìí ló lé ogun Dahomey padà lọ́dún 1851, tó sì tún lé e padà lọ́dún 1864. Ojúbọ wà lórí àpáta náà, wọ́n sì ṣì ń bọ òrìṣà níbẹ̀. Ọ̀dọ́ tó bá bá àgbà níbẹ̀ ní láti kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kó sì tọrọ ààyè kó tó yọ fóònù. Ẹlẹ́sìn yòówù kó jẹ́, ìkíni kò ba ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni jẹ́.

Láti ibẹ̀, Aké kò jìnnà. Ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ wà níbẹ̀, ààfin Aláké náà sì wà níbẹ̀, níbi tí àwọn obìnrin ọlọ́jà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn ti pariwo lórí owó orí títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ lọ́dún 1949. Ìlú yìí kan náà ni míṣọ́nnárì Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn tó ń jẹ́ Ìwé Ìròyìn lọ́dún 1859.

Ìtòkú, ọjà àdìrẹ, ni kí ẹgbẹ́ ti pẹ́. Aládìrẹ máa ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ iṣẹ́ sára aṣọ pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mú níbẹ̀. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ nìyẹn. Èyí tí wọ́n fi ìko dì ni oníko. Tí wọ́n bá kọ́kọ́ fa aṣọ jáde nínú ìkòkò aró tí wọ́n fi ẹlú ṣe, kì í dúdú, ṣe ló máa ń rí bí ewé tó fẹ́ pọ́n. Atẹ́gùn tó bá fẹ́ sí i ló ń pa á láwọ̀ dà lójú ẹni tó ń wò ó. Wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún fà á jáde, títí á fi dúdú tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ lókè òkun, tí wọ́n ṣe bí àdìrẹ, náà ti kún ọjà, nítorí náà kí olùrà béèrè ẹni tó ṣe é. Ẹgbẹ́ tó bá gbọ́n á fi ankara Èkó sílẹ̀, á ra aṣọ ẹgbẹ́ ọdún tó ń bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì dúdú fún aró.

Ìrọ̀lẹ́ ni ti ilé ọtí, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹ àmàlà láfún yó. Kò sí ohun tó burú nínú kí ọ̀rẹ́ jókòó ti agbè ẹmu. Ṣùgbọ́n ẹmu àárọ̀ kọ́ ni ẹmu alẹ́. Ti àárọ̀ máa ń dùn, ó sì fúyẹ́. Tó bá fi máa dalẹ́, ó ti kan, ó sì ti le, torí ìwúkàrà inú rẹ̀ kò dẹ́kun àtisọ adùn rẹ̀ di ọtí. Ẹ̀dọ̀ ènìyàn pàápàá kì í kánjú. Ìgò bíà ńlá kan, tó gba sẹ́ńtílítà 60, máa ń tó nǹkan bíi wákàtí 3 kó tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Omi tútù, kọfí tàbí epo pupa kò lè mú un yá. Ẹni tó bá mu ìgò mẹ́rin di ọ̀gànjọ́ òru, ọtí ṣì wà lára rẹ̀ nígbà tó bá ń gun Olúmọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àpáta náà kò sì ṣeé gùn fún ẹni tí ojú ń pọ́ọ̀yì. Ilé ọtí tí wọ́n lè fẹsẹ̀ rìn dé láti ibi tí wọ́n sùn sí ló dáa, kí ọ̀kan nínú wọn sì mu mọ́ọ̀tì nìkan lálẹ́ ọjọ́ náà, kó lè ka iye àwọn tó jáde àti iye àwọn tó wọlé.

Owó ló sábà máa ń tú ẹgbẹ́ ká lẹ́yìn ìgbafẹ́. Àpò méjì ni kí wọ́n ní: ọ̀kan fún ọkọ̀, ibùsùn, oúnjẹ àti owó ìwọlé, tí gbogbo wọn á dá, èkejì fún ọtí, tí kìkì àwọn tó ń mu á dá. Kò tọ́ kí ọmọ Mùsùlùmí tàbí ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ọtí máa san owó ìgò ẹlòmíràn, kó tún máa gba yẹ̀yẹ́ mọ́ ọn. Tí wọ́n bá délé, kí akápò ka ìnáwó àpò méjèèjì sétí ìpàdé, kó sì fi rìsíìtì sórí tábìlì, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó ìrìn-àjò mìíràn.